Ọmọ yín wọ yunifásítì l'Ékìtì: ohun tí ẹ óò béèrè kí ẹ tó fowó ránṣẹ́

Ìwòròkò ni mò ń gbé, lójú ọ̀nà tó ti Adó lọ sí Ìfàkì, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ EKSU, yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ Èkìtì, ti kún gbogbo ilé. Mò ń bójú tó ilé kan tí wọ́n ń gbé, mo sì ń ta gààrí, ìrẹsì, ẹyin àti indomie níwájú rẹ̀. Mọ́mì Kíátékà ni wọ́n ń pè mí. Ẹni tó ń ta gààrí fún ọmọ máa ń mọ ọjọ́ tí owó wọlé àti ọjọ́ tó tán, ó sì máa ń mọ ẹni tó ti sanwó ilé-ìwé àti ẹni tó ní òun ti san án. Ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́: owó nìkan kọ́ ló ń dá ọmọ dúró. Ìwé ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọmọ tó sanwó pé pérépéré tí kò forúkọ kọ́ọ̀sì rẹ̀ sílẹ̀ lásìkò, òun àti ẹni tí kò rówó san rárá, ojú kan náà ni wọ́n jọ máa ń dúró sí níta gbọ̀ngàn ìdánwò.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ilé bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ lowó ti kọ́kọ́ ń ṣòfò.

Kí ẹ tó wá ilé, ẹ mọ ọgbà tí ọmọ yóò ti máa kàwé. FUOYE, yunifásítì ìjọba àpapọ̀, ní ọgbà méjì, ọ̀kan l'Ọyẹ́, ọ̀kan n'Íkọ̀lé. Ìkọ̀lé ni àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ẹnjiníà wà. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni òbí yóò rí "Oye" lára orúkọ ilé-ìwé, tí yóò lọ sanwó ilé ọdún kan l'Ọyẹ́ fún ọmọ tí yóò máa wọ mọ́tò lọ s'Íkọ̀lé láràárọ̀. Ẹ ní kí ọmọ béèrè ní ẹ̀ka rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọdún kìíní gan-an. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá wà ní ABUAD, yunifásítì aládàáni ti Afẹ́ Babalọlá, kò ní wàhálà èyí, inú ọgbà ni wọ́n ń sùn. Kí ó fò ó lọ síwájú.

Ẹ má sanwó ilé tí ẹ kò fojú rí. Fídíò tí ẹ́jẹ́ǹtì fi ránṣẹ́ kì í fi kànga hàn, omi sì ni ilé l'Ékìtì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ lóṣù Kẹsàn-án, gbogbo kànga ló kún, gbogbo onílé ló ń fọwọ́ sọ̀yà. Okùn ìfami ni kí ẹ wò. Bí ẹ bá rí okùn kan tí wọ́n so mọ́ òmíràn, tí ìsopọ̀ rẹ̀ ti dúdú, tí ọ̀kan tuntun, tí èkejì ti gbó, kànga yẹn máa ń lọ sísàlẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, torí ẹnikẹ́ni kì í fi owó ra okùn kún okùn láìnídìí. Ẹ wá bi àwọn ọmọ tó ń gbébẹ̀, kì í ṣe onílé, ibi tí wọ́n ti pọn omi nínú oṣù Kejì. Ọmọ tó ń ra omi ọlọ́mọlanke lójoojúmọ́, owó oúnjẹ rẹ̀ ló fi ń rà á.

Ẹ béèrè mítà pẹ̀lú. Ṣé ti yàrá ni, àbí ti gbogbo ilé? Bó bá jẹ́ ti gbogbo ilé, báwo ni wọ́n ṣe ń dá owó iná? Ìjà tí mo ti parí lórí ẹni tó ń fi iná dáná lóru pọ̀ ju ìjà lórí ọ̀rẹ́kùnrin lọ.

Ní ti owó, yàtọ̀ sí owó ilé, wọn yóò gba owó ẹ́jẹ́ǹtì, owó àgírímẹ́ǹtì, àti owó tí onílé ń mú dání nítorí ohun tí ọmọ lè bàjẹ́. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, ọmọ ló ni ín padà bó bá kó jáde láìba nǹkan jẹ́. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ lọ́tọ̀ sórí rìsíìtì. Bí wọ́n bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan, ẹ ti fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́ nìyẹn. Kí ẹ sì tó buwọ́ lu ìwé, ẹ béèrè lọ́wọ́ onílé ohun tí yóò ṣe bí wọ́n bá ti ilé-ìwé pa. Lọ́dún 2022, oṣù Kejì ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì, oṣù Kẹwàá ló tó parí, owó ilé sì ń ka oṣù lọ ní tirẹ̀. Onílé mìíràn yóò fi oṣù méjì kún un fún yín, òmíràn yóò ní òun kọ́ ló ti ilé-ìwé. Ó sàn kí ẹ ti mọ irú èyí tí ẹ bá pàdé.

Ó kú ìwé o. Bí ọmọ bá ní òun ti sanwó ilé-ìwé, ẹ má tíì sinmi. Ìgbà tó bá sanwó tán ni yóò wá tẹ rìsíìtì jáde lórí pọ́tàlì, ìyẹn ojú òpó ilé-ìwé lórí ayélujára, yóò yan kọ́ọ̀sì, yóò tẹ fọ́ọ̀mù kọ́ọ̀sì jáde, yóò wá gbé e lọ fún olùkọ́ tí wọ́n ń pè ní level adviser kó buwọ́ lù ú. Ibi ìbuwọ́lù yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń jókòó sí. Wọn á ní olùkọ́ kò sí lọ́fíìsì, wọn á ní ọ̀la ni, títí pọ́tàlì yóò fi tì, ìyẹn ni owó ìtanràn yóò fi dé. Ẹ má bi í pé, "Ṣé o ti register?" Bẹ́ẹ̀ ni ni yóò sọ. Ẹ ní kó ya fọ́ọ̀mù tí wọ́n ti buwọ́ lù, kó fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp yín. Bí kò bá sí ìbuwọ́lù lórí rẹ̀, kò tíì parí.

Fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ẹ tẹ́ ìwé rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì kó tó kúrò nílé: èsì WAEC tàbí NECO, ìwé ọjọ́ ìbí, ìwé ìjọba ìbílẹ̀, ìwé ìgbaniwọlé JAMB, àti NIN. Ẹ ka orúkọ lórí wọn lẹ́tà sí lẹ́tà. Bí ó bá jẹ́ Oluwaseun lórí ọ̀kan, tó jẹ́ Seun lórí èkejì, ẹ yáa tètè ṣàtúnṣe. Ọdún kẹrin, nígbà tí NYSC ń sún mọ́lé, kì í ṣe àsìkò láti máa sáré orúkọ kiri. Ẹ má sì san owó ilé-ìwé sínú àkáǹtì ẹnikẹ́ni tó bá ní òun mọ èèyàn níbi tí wọ́n ti ń gbowó. Orí pọ́tàlì ni kó ti san án, lójú ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó tí ìjọba àpapọ̀ ń yá akẹ́kọ̀ọ́, NELFUND. Oṣù Kẹrin 2024 ni wọ́n buwọ́ lu òfin rẹ̀. Ọmọ ilé-ìwé ìjọba nìkan ló wà fún, kò sí èlé lórí rẹ̀, ìdápadà rẹ̀ sì di ọdún méjì lẹ́yìn NYSC. Ọ̀nà méjì ni owó náà ń gbà: owó ilé-ìwé ń lọ tààrà sọ́dọ̀ ilé-ìwé, owó ìtọ́jú, tó jẹ́ ₦20,000 lóṣù, ń wọ àkáǹtì ọmọ fúnra rẹ̀. Ẹ rí i pé ibẹ̀ ni ewu wà. Ọmọ lè ti yá owó ilé-ìwé, kó tún gba owó ilé-ìwé kan náà lọ́wọ́ yín, kó má sì wí nǹkan kan. Èmi kò sọ pé kí wọ́n má yá a, ó ti gba ọ̀pọ̀ ọmọ tí mo mọ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n gbèsè ni, orúkọ ọmọ ló sì wà lórí rẹ̀. Kí ẹ jọ jókòó kó tó kọ fọ́ọ̀mù, kó sì ṣí ojú ìwé rẹ̀ hàn yín nígbà tí wọ́n bá fọwọ́ sí i.

Ẹ kú ìnáwó handout o. Mo ti gbọ́ kí ọmọ dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi kó máa ka iye owó ìwé fún bàbá rẹ̀ lórí fóònù, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ń fi ìka júwe pé kó lé e sí i. Ẹ ní kó sọ kóòdù kọ́ọ̀sì àti orúkọ olùkọ́ tó ń tà á. Ẹni tó ń rà á lóòótọ́ yóò dáhùn kíákíá.

Ní ti oúnjẹ, ẹ má di gààrí láti Èkó wá s'Ékìtì, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ fi owó ránṣẹ́, kó lọ sí ọjà l'Ádó, iṣu àti gààrí wà níbẹ̀. Ẹ dá owó náà sí méjì, ìdajì níbẹ̀rẹ̀ oṣù, ìdajì láàárín rẹ̀. Èyí tí ẹ bá fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀sẹ̀ kejì ni ọmọ yóò ti máa bẹ̀ mí kí n kọ ọ́ sínú ìwé gbèsè.

Èsì ìdánwò: ilé-ìwé kì í fi ránṣẹ́ sílé mọ́, orí pọ́tàlì ọmọ ló wà. "Mo yege" kì í ṣe èsì. CGPA, ìyẹn àròpọ̀ máàkì rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n pín dọ́gba, ni kí ẹ béèrè. Márùn-ún ni òkè rẹ̀. Láti 4.50 lọ sókè ni ipò kìíní, láti 3.50 ni ipò kejì òkè, láti 2.40 ni ipò kejì ìsàlẹ̀. Ọdún kìíní ló yẹ kí ẹ ti máa wò ó, torí ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú máàkì kékeré yóò forí ṣe fọrùn ṣe kó tó fà á sókè lọ́dún kẹta. Bí káríófà, ìyẹn kọ́ọ̀sì tó fìdí rẹmi nínú rẹ̀ tí yóò tún ṣe, bá wà níbẹ̀, ẹ má pariwo ní ọjọ́ náà. Ọmọ tí wọ́n pariwo mọ́ kì í ṣí pọ́tàlì fún òbí mọ́.

Kó lọ ṣí fáìlì ní ilé ìwòsàn ilé-ìwé nígbà tí ara rẹ̀ yá, pàápàá ẹni tó ní ikọ́ fée tàbí tó jẹ́ SS. Kí alábàágbé rẹ̀ àti kíátékà náà mọ̀, torí òru ni àìsàn máa ń dé, àwa la ó sì wá ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá l'Ádó tàbí n'Ídó. Ní ti ẹgbẹ́ òkùnkùn, n kò ní sọ púpọ̀: bí ọmọ tí ẹ ń fún lówó oúnjẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ owó tàbí tó ń sá fún ilé nígbà ìsinmi, ẹ gbéra, ẹ wá.

Ẹ wá wò ó lẹ́ẹ̀kan ní sáà kọ̀ọ̀kan, láàárín ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ Sátidé kò sí ẹni tí ẹ óò bá ní ẹ̀ka. Kí ẹ tètè kúrò nílé, kí ilẹ̀ má ṣú bá yín lójú ọ̀nà. Kí ọmọ mú yín dé ẹ̀ka rẹ̀, kí ẹ kí level adviser, kí ẹ gba nọ́ńbà alábàágbé rẹ̀ àti ti kíátékà.

Bó bá sì ń bọ̀ wálé fún ìsinmi, kó yọ gbogbo nǹkan kúrò lára iná, kó gbé kọ̀ǹpútà àti ìwé ẹ̀rí rẹ̀ dání. Àsìkò ìsinmi ni àwọn olè máa ń wá sí ilé akẹ́kọ̀ọ́ jù, wọ́n mọ̀ pé kò sí ẹni tí yóò pariwo.