Àga onítáyà nínú yanrìn Àgbádárìgì: ìbéèrè tí wọ́n ń gbé wá bá mi

Àga onítáyà, èyí tí gbogbo wa ń pè ní wíìṣíà, ni ẹsẹ̀ mi láti ìgbà tí pólíò ti mú mi ní kékeré. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mò ń tún ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Agbálatà, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé àga wá ti ń pọ̀ ju oníkẹ̀kẹ́ lọ báyìí. Mo kọ díẹ̀ nínú ìbéèrè wọn síbí, kí n yé wí ohun kan náà látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Stróòkù kọlu màmá wa, a sì ra àga tuntun fún wọn. Nínú ilé, ó ń yí geere. Bí a bá ti kọjá sìmẹ́ńtì ẹnu ọ̀nà báyìí, táyà iwájú á rì sínú yanrìn. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n dojú bolẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ẹni tó tà á ní àfi ká ra èyí tó fúyẹ́ jù báyìí lọ. Ṣé òótọ́ ni?

Ẹ má tíì náwó. Kì í ṣe bí àga ṣe wúwo tó ló ń mú un rì, ibi tí ìwúwo náà dà sí ni. Ẹ wo táyà iwájú yẹn: fífẹ̀ rẹ̀ kò ju ìka kan ààbọ̀ lọ. Obìnrin tó bá ti wọ bàtà gogoro lọ sí etí òkun rí mọ ohun tí mò ń sọ.

Lónìí, ẹ yí àga padà kí ẹ máa fà á sẹ́yìn. Táyà ńlá ni yóò kọ́kọ́ la yanrìn, àwọn kékeré á kàn máa wọ́ tẹ̀lé e. Kí ìdí màmá sì kan ẹ̀yìn àga gbáà, nítorí bí ara wọn bá ti sún síwájú, orí táyà kékeré ni gbogbo rẹ̀ ń bọ́ sí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ibi tí ọ̀pá táyà ńlá ti wọ ara irin. Bí ihò bá tó mẹ́ta tàbí mẹ́rin níbẹ̀, a lè sún táyà náà síwájú. Iwájú á fúyẹ́, àga á sì yá lọ́wọ́. Ewu rẹ̀ ni pé bó ṣe ń lọ síwájú ló ń rọrùn fún un láti ṣubú sẹ́yìn. Ihò kan lẹ́ẹ̀kan ni, kí ẹnìkan sì dúró ti ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹ bá ń dán an wò. Bíréèkì náà gbọ́dọ̀ tẹ̀lé táyà, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ kò ní kàn án mọ́. (Mo ti rí ẹni tó gbàgbé bíréèkì. Inú gọ́tà ni a ti lọ gbé e.)

Irú àga ọsìbítù kì í sábà ní ju ihò kan lọ. Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ táyà iwájú sí ti ínṣì 8 tó fẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ralf Hotchkiss, ará Amẹ́ríkà tí òun náà ń lo àga, ti rí ọ̀ràn yìí tipẹ́. Àga RoughRider tí òun àti àwọn ará Whirlwind, ẹgbẹ́ tó ń ṣe irú àga yìí, ṣe ní táyà iwájú tó fẹ̀ bẹ̀ǹbẹ̀, tó sì jìnnà sí ti ẹ̀yìn, torí irú ojú ọ̀nà wa yìí gan-an.

Ọkọ mi ló ń lò ó, èmi ni mò ń gbé e sínú búùtù. Ti alumíníọ̀mù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì owó ti irin. Èwo ni kí n rà?

Ẹ̀yin lẹ̀ ń gbé e, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ bi ẹ̀yìn yín léèrè. Àga irin sábà máa ń wọn kílò 16 sí 20. Ti alumíníọ̀mù tó ṣeé ká, bíi 11 sí 15. Kẹ́ẹ̀gì epo lítà márùn-ún ni ìyàtọ̀ yẹn. Kò jọ nǹkan lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ ẹ gbé e lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́ ná. Kí ẹ tó pinnu, ẹ yọ ibi ìgbẹ́sẹ̀lé méjèèjì àti tìmùtìmù kúrò, kí ẹ wá tún un gbé. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀ pé wọ́n ń yọ.

Ohun tí olùtajà kò ní sọ ni pé bí irin bá kán, wẹ́dà ìsàlẹ̀ àdúgbò á jó o kí ilẹ̀ tó ṣú. Alumíníọ̀mù kò gba irú iná bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan gbé tirẹ̀ fún wẹ́dà onígéètì; ojú mi báyìí ni alumíníọ̀mù náà ṣe yọ́ bí àbẹ́là. Bí àga kì í bá kúrò nílé, irin ni kí ẹ rà. Bí ẹ bá ń gbé e wọ mọ́tò lójoojúmọ́, ẹ fara mọ́ owó alumíníọ̀mù. Ìwé ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2008 náà ka pé kó ṣeé tún ṣe ní orílẹ̀-èdè ẹni mọ́ ohun tó ń mú kí àga yẹ èèyàn.

Onídìrí ni mí. Àga mi ń fà sọ́wọ́ ọ̀tún, ó sì ń dún kín-ín kín-ín.

Irun ni, àbúrò. Dojú àga délẹ̀, kí o wo táyà kékeré ọ̀tún: àtáṣímẹ́ǹtì ti wé mọ́ ọ̀pá rẹ̀. Fi abẹ gé e. Bó bá ṣì ń dún lẹ́yìn ìyẹn, bérìn (òrùka irin tó ń mú kí táyà yí geere) ló ti dípẹtà; atẹ́gùn oníyọ̀ ìlú wa kò mọ ojú àga. 608 ni nọ́ńbà tó wà lára púpọ̀ nínú irú bérìn bẹ́ẹ̀. Má fi gíríìsì pa ìta rẹ̀ o, yanrìn ló máa kó jọ.

Mo rí tòkúnbọ̀ kan. Wọ́n ní aláìsàn ilẹ̀ Jámánì ló lò ó, kò sí àléébù kankan.

Ẹni tó ń tà á kò mọ aláìsàn náà, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Gbé e sórí sìmẹ́ńtì tó tẹ́jú, kí o tẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí táyà kan bá ń fò sókè, irin rẹ̀ ti wọ́. Fi èékánná tọ ojú ibi tí wọ́n ti jó o, pàápàá lókè táyà iwájú. Ibẹ̀ ló ti ń kọ́kọ́ là, ó sì máa ń tín-ín-rín bí irun. Ká a, kí o ṣí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ka nọ́ńbà ara táyà ńlá. Bí kò bá sí irú rẹ̀ lọ́jà, ọjọ́ tí túùbù bá bẹ́ ló di àga ìjókòó lásán.

Bàbá mi sanra díẹ̀. Ṣé kí n ra èyí tó fẹ̀ jù fún wọn?

Rárá o. Ara wọn á máa dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọwọ́ wọn kò ní tó táyà dáadáa, àga náà kò sì ní gba ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ wọlé. Ní kí wọ́n jókòó, kí o wọn ìdí wọn láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, kí o fi ínṣì kan tàbí méjì kún un. Láàárín etí àga àti ẹ̀yìn orúnkún, ó yẹ kí ìka mẹ́ta wọlé. Má fi gbogbo owó ra àga, fi ti tìmùtìmù fóòmù tó nípọn sílẹ̀, torí aṣọ tí wọ́n nà sórí irin yẹn, egbò ló ń dá sí èèyàn nídìí. Lára aláwọ̀ dúdú, ó lè má pọ́n kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Fọwọ́ kàn án lálẹ́. Bí ibì kan bá gbóná tàbí tó le, ẹ tètè lọ rí nọ́ọ̀sì.

Téèpù télọ̀ ni kí o mú lọ sọ́jà. Bí wọ́n bá ní àga kan bá gbogbo èèyàn mu, kí o wọ̀n ọ́n lójú wọn.