Ẹ má gbé kóòtù inú fíìmù wá sí Adó-Èkìtì: Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú ìtàn àròsọ ilé ẹjọ́

Inú mi máa ń dùn bí mo bá rí ẹni tó fẹ́ fi Yorùbá kọ ìtàn àròsọ tí ẹjọ́ ìpànìyàn, àṣírí àti ìfẹ́ jọ wà nínú rẹ̀. Àmọ́ ọ̀pọ̀ irú ìtàn bẹ́ẹ̀, kí n tó ka orí kejì tán ni mo ti mọ̀ pé inú fíìmù Amẹ́ríkà ni òǹkọ̀wé ti rí kóòtù.

Èyí tó burú jù ni ti àwọn ará ìlú méjìlá tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “jury”, àwọn tó ń pinnu bóyá olùjẹ́jọ́ jẹ̀bi, tó jókòó tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí lọ́yà ń rìn lọ rìn bọ̀ níwájú wọn kí àánú lè ṣe wọ́n. Wọn kò sí ní kóòtù wa. Adájọ́ nìkan ló ń gbọ́ ẹjọ́ ìpànìyàn, òun náà ló ń dá a. Májísíréètì kò sì láṣẹ láti dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ọlọ́pàá bá kọ́kọ́ gbé afurasí lọ síwájú rẹ̀, àtìmọ́lé ni yóò fi í sí, tí fáìlì yóò lọ sí ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ fún ìmọ̀ràn lórí bóyá kí wọ́n pe ẹjọ́, kí ọ̀rọ̀ tó dé Ilé Ẹjọ́ Gíga. Ibẹ̀ ni kí lọ́yà yín ti dé wíìgì, kì í ṣe níwájú májísíréètì.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ibi tó ládùn jù ni wọ́n ń fò. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe àkọsílẹ̀ ní Ilé Ẹjọ́ Gíga. Bí ìyá àgbà kan bá ti Ẹ̀fọ̀n-Alààyè wá jẹ́rìí, ògbufọ̀ ni yóò máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 pàápàá fún olùjẹ́jọ́ tí kò gbọ́ èdè kóòtù ní ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Adájọ́ tó jẹ́ ọmọ Èkìtì lè ti gbọ́ ohun tí màmá sọ yékéyéké, síbẹ̀ yóò dúró de ògbufọ̀. Ọ̀pọ̀ adájọ́ ló ṣì ń fọwọ́ kọ ẹ̀rí sílẹ̀. Lọ́yà á béèrè ọ̀rọ̀ kan, á sì máa wo bíírò adájọ́ títí yóò fi dúró, kó tó béèrè òmíràn. Ẹ wo ohun tí ẹ lè fi àkókò yẹn ṣe! Ẹlẹ́rìí èké ń ráyè ronú. Olùjẹ́jọ́ ń wá ojú olólùfẹ́ rẹ̀ láàárín èrò. Bí gbogbo wọn bá ń sọ̀rọ̀ wéréwéré, ìpayà ti kúrò nínú ìtàn.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹlẹ́rìí tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ já wọlé lójijì fún lọ́yà ìjọba. Ó ti gbọ́dọ̀ kó orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí rẹ̀ àti ohun tí wọ́n fẹ́ sọ mọ́ ìwé ẹ̀sùn. Inú ohun tí gbogbo wa ti kà ni kí ẹ fi àṣírí pamọ́ sí. Ẹ má sì jẹ́ kí apànìyàn bú sẹ́kún kó jẹ́wọ́ lójú gbogbo ayé. Ìjẹ́wọ́ àgọ́ ọlọ́pàá ló ní ìtàn nínú. Bí olùjẹ́jọ́ bá ní wọ́n lu òun kí òun tó fọwọ́ sí i, adájọ́ yóò dá ẹjọ́ gan-an dúró, yóò gbọ́ ẹjọ́ kékeré nínú ẹjọ́ ńlá. Lábẹ́ Òfin Ẹ̀rí ti 2011, ìjọba ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé wọn kò fipá gba ìjẹ́wọ́ náà. Ẹ fún apá yìí ní orí mẹ́ta, kò pọ̀ jù.

Ní ti ìfẹ́, ẹ má fi ṣe ibi ìsinmi láàárín ẹjọ́. Ìkògòsì dára, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, ṣùgbọ́n ìgbafẹ́ kò tó ìfẹ́. Ẹ jẹ́ kó ná wọn ní nǹkan. Ẹ wo lọ́yà ìjọba àti lọ́yà olùjẹ́jọ́ tó fẹ́ràn ara wọn, tí ìdílé méjèèjì ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, Adó kò sì tóbi débi tí wọ́n lè sá fún ojú. Bó bá jẹ́ adájọ́ ni ìfẹ́ náà kàn, ó gbọ́dọ̀ yọwọ́ nínú ẹjọ́ náà.

Ẹjọ́ kì í parí lọ́sẹ̀ kan náà. Ẹ sún un síwájú, kí ìfẹ́ àti ìwádìí ráyè. Bí ìdájọ́ kò bá sì tẹ́ ẹnìkan lọ́rùn, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ní ẹ̀ka ní Adó níbẹ̀.

Gbangba ni òfin ní kí wọ́n ti máa gbọ́ ẹjọ́. Kí ẹ tó kọ orí kan sí i, ẹ lọ jókòó sẹ́yìn ní kóòtù láàárọ̀, ẹ pa fóònù, kí ẹ máa gbọ́ bí akọ̀wé ṣe ń pe ẹjọ́.