Bí A Ṣe Ń Fi Okùn Dígí Wọn Ìgbóná Kòkó Tí A Bò

Kòkó tí a fọ́, tí a kó jọ, tí a sì fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò máa ń gbóná láti inú wá títí yóò fi dé nǹkan bí 45 sí 50°C, ṣùgbọ́n tẹmómítà kan ṣoṣo tí a tì bọ àárín rẹ̀ kò lè sọ bí ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ ti rí. Okùn dígí kan, ìyẹn fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, lè sọ ti gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì yẹ àwa tí a ń bo kòkó ní oko Ilé-Ifẹ̀ gan-an.

Ẹ wá okùn tí wọ́n ti fi ìmọ́lẹ̀ fín àmì mẹ́rin tàbí márùn-ún sí inú rẹ̀. Àmì kọ̀ọ̀kan ní ìgbì ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ tí ó ń dá padà: ọ̀kan lè jẹ́ ti 1550 nánómítà, kí òmíràn jẹ́ ti 1555, ohun tí ẹ̀rọ tí ó ń rán ìmọ́lẹ̀ sínú okùn, tí ó sì ń ka èyí tí ó padà, fi ń dá wọn mọ̀ nìyẹn. Bí ooru bá mú àmì kan, ìgbì tí ó ń dá padà á gùn sí i ní nǹkan bí 10 pikomítà (ẹgbẹ̀rún pikomítà ni nánómítà kan) fún 1°C.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti máa ń bàjẹ́ ni pé okùn náà kò mọ ìyàtọ̀ láàrin ooru àti fífà. Bí mítà kan rẹ̀ bá fi 10 máíkírómítà péré gùn sí i, èyí tí kò tó ìbú irun orí ènìyàn, ẹ̀rọ yóò kà á sí ooru tí ó lé ní 1°C. Òkìtì kòkó sì máa ń wọlẹ̀ bí omi rẹ̀ ti ń ṣàn jáde. Mo ti kọ iye ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀ rí kí n tó mọ̀ pé fífà ni mo ń wọ̀n, ó sì dùn mí púpọ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe ri okùn náà mọ́ inú kòkó ní ìhòòhò. Ẹ tì í bọ inú páìpù irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í dípẹtà, kí ó dẹ̀ nínú rẹ̀, kí ẹ sì dè é mọ́ ẹnu páìpù ní apá kan ṣoṣo.

Kí ẹ tó lọ sí oko, ẹ fi í wé tẹmómítà tí ó dájú, nínú yìnyín tí ó ń yọ́, lẹ́yìn náà nínú omi 30, 45 àti 60°C. Ẹ má ṣe lo omi tí ó ń hó, nítorí pé ike akiríláítì tí ó sábà máa ń bo okùn kò fara da ooru tí ó kọjá nǹkan bí 85°C.

Ẹ nu ẹnu okùn mọ́ kí ẹ tó so ó mọ́ ẹ̀rọ, ẹ má sì ṣe tẹjú mọ́ ọn: ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ kò ṣeé rí, ṣùgbọ́n ó lè ṣe ojú ní jàǹbá. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ yí kòkó, ẹ kọ́kọ́ fa páìpù yọ.