Bí A Ṣe Ń Yẹ Àbàwọ́n Ara Wò Kí A Tó Fi Ìpara Kàn Án

Ẹ gbé ìpara tì ná. Àwọn alápòpọ̀ tó ní clobetasol tàbí betamethasone (oògùn sitẹ́rọ́ọ̀dù) nínú máa ń dá yíyún dúró kíákíá, àmọ́ làpálàpá á máa ràn lábẹ́ wọn, òrùka rẹ̀ á sì parẹ́. Ohun tó yẹ kí a wò ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ẹ fi omi fọ ojú ibẹ̀, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀. Gílóòbù pupa kì í jẹ́ kí a rí àbàwọ́n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ràn. Tọ́ọ̀ṣì fóònù tí a tàn láti ẹ̀gbẹ́ dára ju awò olówó ńlá lọ: ó ń fi etí tó ga hàn. Lára aláwọ̀ dúdú, ibi tó wú sábà máa ń ṣú ni, kì í pọ́n.

Làpálàpá ní etí tó ga, tó ń bó, àárín rẹ̀ sì ń mọ́. Tó bá jẹ́ lórí ọmọdé, tí irun ń gé níbẹ̀, oògùn mímu ló nílò. Ìpara nìkan kò lè dé ìdí irun. Kúrúnà ń yún jù lóru, láàárín ìka, ní ọrùn ọwọ́ àti ìbàdí. Ọjọ́ kan náà ni gbogbo ará ilé ń lo oògùn rẹ̀, títí kan ẹni tí ara kò yún.

Èyí tó mọ́lẹ̀ ju ara yòókù lọ ló ń tan ènìyàn. Tó bá fọ́n ká àyà àti ẹ̀yìn, tó sì ń bó bí ìyẹ̀fun tí ẹ bá fi èékánná họ ọ́, kò le. Bí kò bá bó, tí kò sì yún, ẹ yẹ ẹ̀tẹ̀ wò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe àṣìṣe jù.

Láti mọ̀ bóyá àbàwọ́n náà ṣì ń mọ nǹkan lára, ẹ lọ́ òwú kó ṣóńṣó. Ẹ kọ́kọ́ fi kan ibi tó dá lára onítọ̀hún lójú rẹ̀, kó lè mọ bó ṣe rí. Lẹ́yìn náà, kó dijú, kó máa fi ìka tọ́ka sí ibi tó bá ti mọ̀ ọ́n lára. Ẹ kàn án ni, ẹ má fà á. Ẹ má lo abẹ́rẹ́, ẹ má sì fi ìka tẹ̀ ẹ́, nítorí ó lè mọ títẹ̀ kó má mọ òwú. Ẹ má béèrè pé “ṣé o gbọ́ ọ?”, torí bẹ́ẹ̀ ni yóò dáhùn. Ẹ máa pààrọ̀ ibi àbàwọ́n àti ibi tó dá, kí ẹ sì dákẹ́ nígbà mìíràn láìkàn án rárá. Lójú, àbàwọ́n ẹ̀tẹ̀ lè ṣì mọ òwú, nítorí náà ti ojú kò ṣeé fi òwú yanjú.

Tí kò bá mọ̀ ọ́n lórí àbàwọ́n nìkan, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ni UNIMED (Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn, Oǹdó), tó wà l'Àkúrẹ́ àti l'Oǹdó. Ọ̀fẹ́ ni oògùn ẹ̀tẹ̀, oṣù 6 tàbí 12 ni wọ́n ń lò ó.

Èyí tó ṣọ̀wọ́n: kókó lábẹ́ awọ ẹsẹ̀ tàbí apá tí kò dunni, tó wá di egbò tí abẹ́ etí rẹ̀ ṣófo. Àrùn Buruli lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ oko létí odò sábà máa ń pè é ní eéwo, wọ́n á wá máa fi ewé dì í títí yóò fi fẹ̀. Ẹ fi báírò yí etí egbò náà ká, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ sì mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà.