Bẹ́ ẹ bá ní ọjọ́ kan péré ní Ìlọrin

Ọmọ Òkèlele ni mí, owó ìkòkò ni ìyá mi sì fi rán mi níléèwé, ẹ má bínú tí mo bá gbè sílé.

Ọjà-Ọba ni gbogbo àlejò máa ń kọ́kọ́ sáré lọ. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Kùtùkùtù, kí oòrùn tó mú, ni kẹ́ ẹ wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, kẹ́ ẹ ní Dada, ibi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò, lẹ̀ ń lọ, ní Òkèlele. Ẹ kí àwọn ìyá wa kú iṣẹ́, kẹ́ ẹ sì tọrọ àyè kẹ́ ẹ tó yọ fóònù.

Ẹ wo ọwọ́ wọn. Ìdí ìkòkò àtijọ́ tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ ni wọ́n ń na amọ̀ lé, wọ́n á wá máa fi amọ̀ tí wọ́n yí bí okùn gbé e ga. Bẹ́ ẹ bá ṣe kòńgẹ́ ìgbà tí wọ́n ń sunkòkò, ẹ dúró: wọ́n á fi igi fà á jáde nínú iná, tó ṣì pọ́n bí ẹyin iná, wọ́n á da omi èèpo irúgbá lé e, á sì hó ṣàà. Omi yẹn ló ń pa á láró.

Bẹ́ ẹ bá ra àmù, ẹ gbé e lé itan nínú ọkọ̀. Àbúrò ọkọ mi kó tiẹ̀ sí bùútù lọ́dún tó kọjá, àpáàdì ló gbé dé Ògbómọ̀ṣọ́.

Ó wá kan Ọjà-Ọba. Mọ́sálásí ńlá tí Ààrẹ Shehu Shagari ṣí lọ́dún 1981 àti ààfin Ẹ́míà kò jìnnà síra. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ mú ìborùn dání. Tó bá jẹ́ Jímọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n kírun tán ná, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lẹ máa wà. Lẹ́yìn Iléyá ni wọ́n ń gun ẹṣin wá kí Ọba; ẹni tó bá rí i ló máa mọ ìdí tí wọ́n fi ń kì wá pé Ìlọrin ò léégún, ẹṣin leégún ilé wọn.

Òkúta ìlọ-irin tó sọ ìlú lórúkọ wà nílé Asájú. Ẹ kí onílé kẹ́ ẹ tó wọlé. Àlejò máa ń bi mí pé, "Èyí náà ni?" Èyí náà ni. Òkúta ni o, kì í ṣe òkè.

Lọ́sàn-án, ẹ wá wàrà díndín, èyí tó ṣì gbóná.

Ẹ̀síẹ́, níbi tí wọ́n ti ṣí mùsíọ́mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà lọ́dún 1945 nítorí àwọn ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún, fẹ́ ọjọ́ tirẹ̀. Ẹ má fi kún èyí.

Ìrọ̀lẹ́ ni ti Òkè Sóbì. Ẹ wọ bàtà tó di ẹsẹ̀ mú, ẹ má sì ya fọ́tò bárékè ṣójà tó wà nítòsí. Bẹ́ ẹ bá dókè, tẹ́ ẹ rí èéfín lápá Òkèlele, àwọn ìyá wa ni.