Ìkòkò tí kò níhò ló fẹ́ pa money plant mi

₦18,000 ni mo fi ra money plant kan, ìtàkùn ẹ̀ṣọ́ inú ilé, lọ́wọ́ àwọn tó ń ta òdòdó létí títì n'Íbàdàn, tòun ti ìkòkò tánganran funfun tí wọ́n gbìn ín sí. Ohun tó ń bí mi nínú títí dòní ni pé ìkòkò náà kò níhò nídìí. Mo bi ẹni tó tà á, ó ní kò séwu, kí n ṣáà máa bomi rin ín lójoojúmọ́. Irọ́ gbuu! Erékùṣù Mo'orea, láàárín òkun Pàsífíìkì, ni ìtàkùn yìí ti ṣẹ̀ wá. Ara igi ńlá ló máa ń rọ̀ mọ́ níbẹ̀, afẹ́fẹ́ a sì máa fẹ́ sí gbòǹgbò rẹ̀. Tèmi wá wà nínú omi tí kò ríbi gbà jáde. Ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó ń já bọ́. Nígbà tí mo tú u, gbòǹgbò ti dúdú, ó ti rà, ó ń rùn bí ojú gọ́tà.

Òkè rẹ̀ ṣì tutù, mo bá gé ìtàkùn tó le sí wẹ́wẹ́, mo sì rí i pé oríkèé wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí ibẹ̀ ni gbòǹgbò ti ń yọ. Mo kì wọ́n bọ ìgò omi lẹ́bàá fèrèsé, mò ń pààrọ̀ omi kí tanwíjí má baà kún inú rẹ̀. Gbòǹgbò funfun yọ. Ìyẹn ò le rárá.

Ìkòkò ló fojú mi rí màbo. Owó mi wà nínú tánganran yẹn, mi ò sì ní gbé e sọnù. Káfíńtà gbé dírìlì rẹ̀ dé, irin tí wọ́n fi ń lu pákó ló fi sẹ́nu rẹ̀; kò tiẹ̀ ha ìdí ìkòkò. Ẹni tó ń lẹ táìsì ní òun ń bọ̀ lọ́la, ó di ọ̀tunla, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tó wá dé, dírìlì tó ń gbá ògiri gbàgbàgbà ló fẹ́ tì bọ̀ ọ́. Mo ní kó dáwọ́ dúró, ìkòkò á fọ́! Mo ní kó pa gbígbá yẹn, kó jẹ́ kó máa yí nìkan, kó lo irin táìsì ẹlẹ́nu ṣóńṣó. A da ìkòkò délẹ̀ sórí aṣọ tí mo ṣẹ́ po, mo lẹ téèpù sójú ibi tá a fẹ́ lu kí irin má baà yọ̀, mo ń kán omi sí i díẹ̀díẹ̀ kó má gbóná. Ó kù díẹ̀ kó já, iná lọ. Inú mi ru. Nígbà tí iná dé, ó já sódìkejì láìsán. Inú mi dùn débi pé mo bu omi sínú rẹ̀ kí n lè rí i bó ṣe ń ṣàn jáde!

Ilẹ̀ amọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ lò, mo dà á nù. Ilẹ̀ dúdú ni mo pò mọ́ yanrìn àti irun ara àgbọn, mo sì gbin ìtàkùn tó ti yọ gbòǹgbò sínú rẹ̀. Kí n tó bomi rin ín, mo máa ń ki ìka bọ̀ ọ́. Bó bá ṣì tutù nísàlẹ̀, mo fi í sílẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ó máa ń tètè gbẹ. Oòrùn ọ̀sán gan-gan máa ń jó ewé rẹ̀. Bí ibẹ̀ bá sì ṣókùnkùn jù, àmì àwọ̀ ìyeyè ara ewé á pòórá, gbogbo rẹ̀ á di àwọ̀ ewé ṣáá.

Òkè ni mo gbé e kọ́ sí, torí bí ọmọdé tàbí ajá bá jẹ ewé rẹ̀, ẹnu á máa ta wọ́n, ó sì lè wú. Ìtàkùn rẹ̀ ti fà kọjá fèrèsé báyìí.