Bí ooru yóò ṣe rí ọ̀nà jáde nínú yàrá ínfátà ní Àgbádárìgì

Ínfátà tó ń gbé 3,000 wáàtì lè sọ nǹkan bí 300 wáàtì di ooru. Nínú sítọ́ọ̀ tí wọ́n máa ń tì pa, ooru yẹn kò rí ibì kankan lọ. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ fi ń kú lọ́sàn-án tó sì ń jí lálẹ́, tí onílé á ní bátìrì ló bàjẹ́.

Fáànù inú ínfátà kò lè dá iṣẹ́ yìí ṣe, torí ooru tó tú jáde náà ló tún ń fà wọlé. Ẹ lu ihò méjì: ti ìwọlé nísàlẹ̀, bí ẹsẹ̀ bàtà kan sókè ilẹ̀, ti ìjáde lábẹ́ àjà, lára ògiri òdìkejì. Bí méjèèjì bá sún mọ́ra, atẹ́gùn tútù á wọlé, á jáde, kò ní dé ara ẹ̀rọ rárá. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn.

Ihò òkè ni kí ẹ fi fáànù sí, kó máa fà síta. Kí yàrá má baà fi ju digírì 10 gbóná ju ìta lọ, 300 wáàtì ooru ń fẹ́ bí 90 kúbíìkì mítà atẹ́gùn ní wákàtí kan. Fáànù 120 mìlímítà kan lè gbé e, àfi bí eruku bá dí nẹ́ẹ̀tì ẹnu ihò, ó sì máa ń dí i. Ẹ fi méjì. Kí ihò ìsàlẹ̀ tóbi ju tòkè lọ.

Létí òkun, iyọ̀ ni ẹ máa bá jà. Ó ń bà lé bọ́ọ̀dù iná inú ẹ̀rọ, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ọ̀rinrin bá dé, iná á máa gba ibi tí kò yẹ. Ẹ má kọjú ihò ìwọlé sí òkun, ẹ má sì kọjú rẹ̀ sí jẹnẹrétọ̀. Ihò ìjáde náà kò gbọdọ̀ kọjú sí òkun, kí afẹ́fẹ́ má baà máa ti ooru padà sínú.

Ẹ fi àyè 20 sẹ̀ntímítà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ínfátà, 50 lókè àti nísàlẹ̀. Bátìrì olómi kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀: èéfín ásíìdì á jẹ ẹ́, gáàsì háídírójìn sì ń gbiná tó bá ti pé ìdá 4 nínú 100 atẹ́gùn yàrá.

Láti dán an wò, ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ gbé ìrépé ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sẹ́nu ihò ìsàlẹ̀ láti ìta. Ó yẹ kó fà sínú. Bí atẹ́gùn tó ń jáde lókè bá pọ̀ sí i nígbà tí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn, ihò ìsàlẹ̀ kéré. Ẹ má fi èéfín tàbí iná dán an wò.

Lórí ọ̀pọ̀ ínfátà ọjà, bí nọ́ńbà àṣìṣe bá yọ lójú ẹ̀rọ, 01 ni pé fáànù kò yí, 02 ni pé ooru ti pọ̀ jù. Ẹ yẹ ìwé tiyín wò. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa gbọn nẹ́ẹ̀tì lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Kí ẹ tó fẹ́ eruku inú ẹ̀rọ, ẹ yọ iná ìjọba, sóólà àti bátìrì kúrò lára rẹ̀, ẹ sì dúró díẹ̀ kí iná inú kàpásítọ̀ (ohun tó ń tọ́jú iná pamọ́ nínú ẹ̀rọ) tán.